Báàjì Inú Ikùn

Tongyeong, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, 1996

Insuk ọmọ mi,

Ṣé o gúnlẹ̀ láyọ̀? Ṣé òtútù Nagasaki ò pọ̀ jù? Èmi wà. Àsìkò ìkarahun ti dé, láti ìdájí la ti ń jókòó la ìkarahun yọ ẹran inú rẹ̀, omi òkun sì ti ń jẹ mí lọ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Lẹ́tà ni mo ní kí n kọ, nítorí ilé ìtajà ni tẹlifóònù àdúgbò wà, gbogbo ẹni tó wá ra ọṣẹ níbẹ̀ ló máa ń dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

O ò dúró pẹ́. A sin bàbá rẹ, o forí balẹ̀ níwájú ibojì, o sì sáré lọ wọ ọkọ̀ padà sí ilé ìwádìí yín, sídìí àwọn eku tí ẹ ń yẹ ìfun wọn wò. Mi ò bá ọ jà, iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè kò ṣojú rẹ.

A ń jẹun. Bang Deoksu dìde. Bang kan náà tó jẹ́ ọ̀gá bàbá rẹ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, Bang tó ti ń jẹun nínú ìkòkò mi láti ìgbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n. Ó gbé ife dání, ó ń sunkún, ó ní, "Gicheol ọ̀rẹ́ mi, ọtí ló pa ọ́. Mo kìlọ̀ fún ọ, o ò gbọ́." Gbogbo ènìyàn mi orí pé òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin tí a jọ ń la ìkarahun ti ń pe bàbá rẹ ní ọ̀mùtí. Bàbá rẹ! Ẹni tó jẹ́ pé tó bá mu ife méjì, oorun ló máa gbé e lọ.

Ìwọ tó ń wo ìfun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, sọ fún mi ohun tó wà nínú ikùn bàbá rẹ tó pa á. Mo fẹ́ ti ọ̀rọ̀ yẹn padà sẹ́nu Bang, kó sì gbé e mì lójú gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ. Ẹ̀san ni mò ń wá, mi ò ní fún un lórúkọ mìíràn. Tó o bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ lóòótọ́, dá mi lóhùn kíákíá.

Ìyá rẹ, Malsun.


Nagasaki, ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá, 1996

Màmá mi,

Ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ọwọ́ dídùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi epo pa ọwọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó sùn. Mo ka lẹ́tà yín, mo sì tún un kà. Mi ò lè wo nǹkan kan nínú ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n Màmá, mi ò lè sọ ohun tí mi ò tíì rí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí mò ń bèèrè. Inú ìfun kò dán bí ara rọ́bà. Ó dà bí tówẹ̀lì onírun, ó kún fún àwọn ìka wẹ́wẹ́ tó ń gba oúnjẹ wọlé sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìka náà kì í pẹ́ gbó. Ní ẹsẹ̀ wọn ni àwọn kòtò kéékèèké wà, inú kòtò yẹn ni a ti ń bí awọ tuntun tó ń gòkè wá rọ́pò èyí tó gbó. Ìtànṣán irú èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò irin níbi iṣẹ́ bàbá máa ń pa àwọn tó ń bímọ nínú kòtò náà. Tí kò bá sí ọmọ mọ́, ìka á máa kúrú, á pá. Tó bá sì ṣe ọdún díẹ̀, ògiri ìfun á le, á dì bí àpá, ọ̀nà á wá há. Oúnjẹ ò ní lè kọjá mọ́.

Ọtí kì í fa irú èyí. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tó fẹ́ jọ ọ́. Ibi tí àrùn wà gan-an ni mo fẹ́ rí. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé díẹ̀ nínú ìfun rẹ̀. Ilé ìwòsàn máa ń fi irú rẹ̀ sínú ìda kó má bàa jẹrà, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Ẹ bá mi gbà á.

Ẹ tún rántí bóyá ara bàbá bó níbì kan rí, ní ìbàdí tàbí ní ikùn, kí àìsàn náà tó bẹ̀rẹ̀. Títí mo fi máa rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo lé Bàbá Bang lórí.

Ọmọ yín, Insuk.


Tongyeong, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejìlá, 1996

Insuk,

Mo kí ọ nítorí pé ó yẹ kí ìyá kí ọmọ. Inú mi ò dùn. Mo ní kó o bá mi mú igi, o ń kọ́ mi ní ìwé. Má sì pe ẹni yẹn ní Bàbá nínú lẹ́tà sí mi mọ́.

Ara bíbó? Ó bó! Ìgbà ìrúwé ọdún 1993, ìwọ ti wà ní Japan nígbà náà. Bàbá rẹ tibi iṣẹ́ dé, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún pọ́n, ó wú, ó yọ omi bí ibi tí wọ́n da omi gbígbóná sí. Bang wá kí i, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá rẹ mutí yó, ó sùn lé ibi tí ilẹ̀ yàrá ti gbóná jù, nítòsí ibi tí a ti ń dáná sábẹ́ ilẹ̀ kí yàrá lè móoru, ni ilẹ̀ bá jó o. Ta ló máa jiyàn? Ta ni ilẹ̀ gbígbóná ò tíì jó ládùúgbò yìí? Mo gbé ẹ̀wà kíkan tí a fi ń se ọbẹ̀, mo fi lẹ̀ ẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe fún wa. Ojú ọgbẹ́ yẹn lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù kó tó jiná. Láti ìgbà náà ni ikùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ.

Mo bi í nígbà tó kù díẹ̀ kó kú. Ó ní àwọn méjì ló wà nínú ikùn ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, òun àti Bang. Irin bíńtín tó ń tan ìtànṣán, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, já bọ́ lára wáyà rẹ̀. Bang ní orí wáyà lásán ló dá, kò sí ewu, kó mú un wá. Bàbá rẹ mú un, ó sọ ọ́ sápò ṣòkòtò, ó gun àkàbà jáde títí dé géètì. Báàjì tó yẹ kó wà láyà rẹ̀ kó ka ìtànṣán náà ńkọ́? Bang ti gba ti gbogbo wọn, ó kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Tí báàjì bá ka púpọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí ènìyàn ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, ọkọ̀ á sì pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kàn án. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n kà á sí ọgbọ́n.

Mo lọ sílé ìwòsàn láti gba ìfun tí wọ́n gé. Wọ́n ní kò sí, mo jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, mo yọ ọ̀bẹ ìkarahun mi láti inú àpò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ha èékánná mi. Ni wọ́n bá wá a rí. Mo ti dì í sáàárín ewé òkun gbígbẹ, mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Má jẹ ewé náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bang wá ra ẹran ìkarahun lọ́dọ̀ mi bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mi ò ta fún un. Nígbà tó yí ẹ̀yìn padà, mo bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ mo dà á sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ sì rí i. Ẹni tí wọ́n bá da iyọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lé òun bí ẹ̀mí burúkú, kí òun má padà wá mọ́.

Ìyá rẹ.


Tongyeong, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, 1997

Insuk,

Ṣé o kú ni? Ọdún tuntun kọjá, o ò kọ̀wé. Mo gbé oúnjẹ síwájú àwòrán bàbá rẹ fúnra mi. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní Busan ti dá ìwé tí mo kọ sí wọn pé iṣẹ́ ló pa bàbá rẹ padà. Wọ́n ní báàjì rẹ̀ kò ka nǹkan kan, nítorí náà, ìtànṣán kankan ò kàn án.

Báàjì tó wà nínú dúrọ́ọ̀! Ohun tó sùn sínú dúrọ́ọ̀ ló ń jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀. Mo rò pé mo bí ọmọ, àṣé eku ni mo rán lọ sókè òkun lọ wo eku.

Mi ò ní kí ọ.


Nagasaki, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, 1997

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó máa kọ èyí. Ẹ ń bínú, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi dákẹ́.

Nígbà tí nǹkan náà dé, mo gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo pa á láró, mo fi sábẹ́ ẹ̀rọ. Mi ò lè wò ó. Mo ti wo ìfun eku tí kò lóǹkà. Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó ti bàbá mi, mo ń sunkún bí ọmọdé. Mo wá rí i pé tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á ní ọmọ ló ń gbè sẹ́yìn bàbá. Ni mo bá gbé e fún ọ̀gá mi, Iwanaga, àgbàlagbà tó ti ń wo irú èyí kí wọ́n tó bí mi. Mi ò sọ ẹni tó ni ín. Ó pẹ́ kó tó dá mi lóhùn, ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn.

Ó pè mí láàárọ̀ àná. Ó ní kí n wo ẹ̀gbẹ́ kan: àwọn ìka ti pá, èyí tó kù kúrú bí kùkùté. Àwọn kòtò ti tán, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n lọ́ wọ́rọ́kọ́. Abẹ́ wọn ti di àpá funfun tó le. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ti nípọn tí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá, ibẹ̀ gan-an ló sì ti mọ̀ pé ìtànṣán ni. Ó ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú ìfun náà burú ju èkejì lọ, bí ẹni tó yá iná tó kọ ẹ̀gbẹ́ kan sí i. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló gbé iná ti ikùn ọkùnrin yìí?"

Mo ní bàbá mi ni. Ó dìde, ó tẹrí ba fún mi, Màmá. Ó ti kọ ohun tó rí sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i; mo ti túmọ̀ rẹ̀, ó wà nínú lẹ́tà yìí.

Wọ́n lè kó báàjì pamọ́. Ìfun ò ṣeé kó pamọ́. Báàjì tí bàbá wọ̀ sínú ikùn kà á, ó sì kà á pé.

Èmi náà ti wá ń bínú sí Bang báyìí, ó tiẹ̀ lè ju tiyín lọ. Mo lálàá pé mo gbá Bang létí. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ á bèèrè ibi tí ìtànṣán náà ti wá, àwọn méjì péré ló sì wà nínú ikùn ọkọ̀. Ọ̀kan ti kú. Ẹnu Bang nìkan ló kù. Ẹ wá ọgbọ́n ṣe sí i.

Ọmọ yín tí kì í ṣe eku.


Tongyeong, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, 1997

Insuk ọmọ mi àtàtà,

Mo gba ọ̀rọ̀ eku padà. Mo ka lẹ́tà rẹ síwájú àwòrán bàbá rẹ. Ó dàbí ẹni pé ojú rẹ̀ dá díẹ̀.

Gbọ́ nǹkan. Mi ò lọ bá Bang, Bang ló wá bá mi. Àfi bí ẹni pé wọ́n fà á gba inú ihò abẹ́rẹ́ kọjá, ó rù. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ibi tí mo ti ń ta ẹ̀kọ ìrẹsì báyìí tí àsìkò ìkarahun ti kọjá, ó ní ẹ̀kọ nìkan ni òun fẹ́, kí n má fi kimchi aláta sí i. Bang! Ẹni tó máa ń fi ata jẹ ata. Kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tó ti sáré lọ sẹ́yìn ilé. Ó padà, ó tún sáré lọ. Nígbà tó jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ìdodo rẹ̀, ó rọra tẹ̀ síwájú. Insuk, mo mọ ìjókòó yẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wò ó nínú ilé mi.

Mo bi í bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan pé nígbà tí irin bíńtín yẹn dé géètì, ta ló gbé e padà sínú àpótí rẹ̀. Ó ní òun ni. Ó ní òun fi sínú agolo oúnjẹ òun, òun gbé agolo náà lé itan nínú mọ́tò títí dé ilé ìkẹ́rùsí. Ó ní dókítà ilé iṣẹ́ ti sọ fún òun pé ọtí ló ń da ikùn òun láàmú.

Mo rẹ́rìn-ín, Insuk. Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń bá a ṣe, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹni bá da eérú leérú ń tọ̀. Kò mọ ohun tó ń ṣe é, mi ò sì ní sọ fún un. Kó máa lọ́ bẹ́ẹ̀. Kó máa há bẹ́ẹ̀. Tó bá kú, mo máa lọ sí ìsìnkú rẹ̀, màá gbé ife dání, màá sunkún, màá ní, "Deoksu, ọtí ló pa ọ́." Mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Inú mi dùn, ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn báyìí gbẹ̀yìn.

Ìyá rẹ, Malsun.


Nagasaki, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, 1997

Màmá mi,

Ẹ kú ẹ̀rín o. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi.

Tí Bang bá kú sínú ọ̀rọ̀ ọtí, bàbá mi náà á kú sínú ọ̀rọ̀ ọtí títí ayé. Òkú ò lè gbé ọ̀rọ̀ tó sọ mì. Ṣé ohun tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ nìyẹn? Ẹ fẹ́ kó gbé e mì lójú àwọn tó gbọ́ ọ. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀fun, ó sì gbọ́dọ̀ wà láàyè.

Ẹ sọ fún un. Ẹ fi ohun tí ọ̀gá mi kọ hàn án, kẹ́ ẹ ní bí ìfun tiẹ̀ náà ṣe ń rí lọ nìyẹn. Kò ní bẹ̀rù yín, kò ní bẹ̀rù ìgbìmọ̀. Ikùn rẹ̀ ló máa bẹ̀rù.

Ẹ bọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ó le. Ẹ̀kọ ìrẹsì tó jinná dáadáa, ẹja funfun tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, ẹyin sísè, díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò gbọ́dọ̀ jẹ ata, kimchi, ewé òkun tàbí ọtí. Kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Busan, kó sọ fún wọn pé ìtànṣán ni, kí wọ́n má máa fún un ní oògùn ọ̀mùtí. Ohun tó bá ti di àpá nínú ìfun kò ní rọ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣọ́ra lè pẹ́.

Insuk.


Tongyeong, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá, 1997

Insuk ọmọ mi,

Má bínú pé mo pẹ́. Ọwọ́ mi ò ráyè, ìkòkò ẹ̀kọ kì í kúrò lórí iná.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo fẹ́ fà á ya. Ọjọ́ mélòó kan ni mi ò fi bá àwòrán bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Kí n máa bọ́ Bang? Ọwọ́ tí mo fi bọ́ bàbá rẹ? Ṣùgbọ́n aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, ẹni tó fẹ́ tú àṣepamọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó pa á mọ́ wà láàyè. Mo se ẹ̀kọ. Mo gbé e lọ sílé rẹ̀, mo gbé ìwé ọ̀gá rẹ lé ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà, mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn ìka tó pá, àwọn kòtò tó tán, gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti ń há, ó gbé ọwọ́ sí ikùn. Ó bi mí pé ṣé òun máa kú ni. Mo ní, "Kì í ṣe báyìí. Jẹun."

Ó jẹun. Láti oṣù kẹfà ló ti ń jẹun lọ́wọ́ mi. Ó tún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀. Ó lọ síwájú ìgbìmọ̀ ní Busan, ó sọ ti dúrọ́ọ̀ àti ti wáyà tó já, ó ní òun ló rán Gicheol. Wọ́n ti gba ìwé mi wọlé padà, wọ́n sì ní kí tiẹ̀ náà tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ti ìgbìmọ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ ìrántí ọdún kan bàbá rẹ ni. Gbogbo àwọn tó jẹun nígbà tí a ti orí òkè dé ni mo pè, mi ò yọ ẹnì kan sílẹ̀, pàápàá àwọn obìnrin ìkarahun. Bang wọ aṣọ dúdú. Ó bu ọtí síwájú àwòrán, ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Iwájú orí rẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà tó ní, "Gicheol, kì í ṣe ọtí. Èmi ni mo ní kó o mú un. Èmi ni mo gba báàjì lọ́wọ́ rẹ. Mo parọ́ mọ́ ọ lọ́jọ́ tí a sin ọ́." Kò sí ẹni tó mi orí lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin tó kọ́kọ́ pe bàbá rẹ ní ọ̀mùtí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó gbé e mì, Insuk. Mo rí i bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ́fun rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ènìyàn lọ tán, ó jókòó ti abọ́ rẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, "Ìyá Insuk, ẹ ti gba ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ má ṣe wàhálà oúnjẹ mi mọ́." Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe fẹ́ dúpẹ́, pé kò sí ẹni tó lè dárí ji ọ̀tá tó bẹ́ẹ̀. Mo yọ egungun tó ṣẹ́kù lára ẹja rẹ̀, mo ti abọ́ náà sún mọ́ ọn. Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mo dárí jì ọ́?"

Ó wo ojú mi, ó sì jẹun.

Nítorí náà, ọmọ mi, bi ọ̀gá rẹ léèrè kó o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kíákíá, gbogbo ohun tí ènìyàn lè fún ẹni tí ìfun rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ kó lè pẹ́ láyé. Bàbá rẹ lo ọdún mẹ́ta nínú ìrora yẹn, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ. Mo fẹ́ kí Bang lo ogún ọdún nínú tiẹ̀.

Ìyá rẹ tó ń se ẹ̀kọ,
Malsun.